Ohun tó ń bá ìyá di ìgò mú lẹ́nu ọmọ: ṣé ká rà á? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, àárín àwọn ìyá ọmọ tuntun ni mo sì máa ń wà. Láti ìgbà tí àwọn ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń fi fídíò ìrọ̀rí tó ń gbé ìgò sẹ́nu ọmọ hàn kiri ni ìbéèrè yìí ti pọ̀ lẹ́nu wọn. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí bí wọ́n ṣe ń bi mí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn.

Irú nǹkan wo lẹ ń sọ gan-an?

Oríṣiríṣi ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìrọ̀rí kékeré tó ní ihò tàbí okùn láàárín. Wọ́n á ki ìgò bọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lé ọmọ láyà, orí rọ́bà ìgò á sì wà lẹ́nu ọmọ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òmíràn jẹ́ ọ̀pá tó ṣeé tẹ̀ síbí sọ́hùn-ún, tí wọ́n ń fún mọ́ ara bẹ́ẹ̀dì ọmọ tàbí kẹ̀kẹ́ tí à ń fi tì í. Òmíràn tún ni ìgò onítúùbù gígùn: ìgò á wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, òun á máa fa wàrà gba inú túùbù bí ẹni ń fi sítíró mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Bí a kò bá ra ìkankan nínú wọn, tí a kàn ká ìró tàbí táwẹ̀lì ti ìgò lẹ́nu ọmọ, ọ̀kan náà ni. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nípa ìrọ̀rí tí a fi owó rà, mo ń sọ ọ́ nípa ìró tí a ká pẹ̀lú.

Ẹ sọ ojú abẹ níkòó. Ṣé ó dára?

Kò dára. Ẹ má rà á. Bí ẹ bá ti ní in, ẹ má lò ó fún ọmọ kankan. Ohun tí NHS, ètò ìlera ìjọba Bìrìtéènì, àti CDC, iléeṣẹ́ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, ń sọ fún àwọn òbí náà nìyí: ẹ má ṣe ti ìgò lẹ́nu ọmọ kí ẹ wá fi í sílẹ̀.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Ọmọ ṣáà ń mu wàrà rẹ̀ ni.

Ẹ wo ọmọ oṣù méjì tó ń mu ìgò. Ó fà á, ó gbé e mì, ó mí. Ó fà á, ó gbé e mì, ó mí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ara wọn láìjẹ́ pé ọ̀kan kọlu èkejì, torí pé inú ọ̀fun kan náà ni oúnjẹ àti èémí jọ ń gbà kí wọ́n tó pínyà. Ìkókó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, tàbí tí wàrà ń yára jù fún un, ẹ ó rí i lára rẹ̀: á la ìka ọwọ́ sílẹ̀ gbàràgàdà, iwájú orí rẹ̀ á kíweje, á máa ṣẹ́jú, wàrà á sì máa ṣàn jáde ní igun ẹnu rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn. Ọwọ́ tó di ìgò mú á gbọ́ ọ, á rẹ ìgò sílẹ̀, á jẹ́ kó mí. Ìrọ̀rí kò gbọ́. Wàrà á máa kán lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò lágbára láti fọwọ́ tì í kúrò, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì le tó láti yí orí kúrò níbẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ tí ọ̀nà èémí rẹ̀ ti dí kì í pariwo. Kò ní atẹ́gùn tó máa fi sunkún. Ìyá tó wà ní kíṣìnì á gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, á rò pé ọmọ ti yó, ó ti sùn.

Bí kò bá sì pa á lójú ẹsẹ̀, wàrà tó gba òdì wọnú ẹ̀dọ̀fóró lè di òtútù àyà. Òtútù àyà wà lára àwọn àìsàn tó ń pa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 jù lọ, ní Nàìjíríà níbí àti káàkiri ayé. Ìrọ̀rí náà fúnra rẹ̀ tún ní ewu tirẹ̀, torí pé ohun rírọ̀ tó wà nítòsí imú ìkókó lè bo imú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ọmọ máa dojú sókè sùn, lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́jú tó sì le, láìsí ìrọ̀rí kankan níbẹ̀.

Bí mo bá jókòó tì í ńkọ́, tí mò ń wò ó?

Wíwò kò tó. Ìgbà tí ojú yín bá fi máa rí i pé ètè ọmọ ti ń yí àwọ̀, wàrà ti wọ ibi tí kò yẹ. Ọwọ́ ló ń tètè mọ̀: ẹ ń mọ bó ṣe ń fà á lára ìgò, ẹ ń mọ ìgbà tó dánu dúró, ara rẹ̀ wà lára yín tí ẹ fi ń mọ̀ bó bá ta kìjí. Àti pé ẹni tó bá ráyè jókòó ti ọmọ fún ogún ìṣẹ́jú ti ráyè gbé e.

Bó bá léwu tó bẹ́ẹ̀, ṣebí ìjọba kò ní jẹ́ kí wọ́n máa tà á?

Ìjọba Bìrìtéènì ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, OPSS, iléeṣẹ́ wọn tó ń rí sí ààbò ọjà, kéde pé kí gbogbo ẹni tó bá ní irú ìrọ̀rí yìí dá lílò rẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ nù. Wọ́n ní ó lè ṣe ọmọ léṣe gidigidi tàbí kó pa á, yálà kí wàrà há a lọ́fun tàbí kó wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kó di òtútù àyà.

Ṣùgbọ́n ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ẹnubodè. Èyí tí wọ́n lé kúrò lórí igbá kan, ẹlòmíràn á tún un gbé jáde lórúkọ mìíràn. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní London àti Manchester, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á, ẹ má sì fi í kún ẹrù tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín nílé.

Ìpolówó náà ní ààlà tó yẹ kó mọ. Ìlànà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1981 nípa mílíìkì tó ń rọ́pò ọmú kan ìgò ọmọ àti orí rọ́bà rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ní kí wọ́n má ṣe polówó wọn fún aráàlú. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ lórí mílíìkì yìí láti ọdún 1990, NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, ló sì ń mójú tó o. Nítorí náà, bí fídíò aláwọ̀ mèremère bá ń pè yín wá ra ohun tó ń di ìgò mú, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń ta ọjà ló ń bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń tọ́jú ọmọ.

Ìyá mi ní wọ́n rọ àwa ní àgbo àti ẹ̀kọ, kò sì sí ohun tó ṣe wá. Kí ni ìgò lásán máa ṣe?

Mo bọ̀wọ̀ fún màmá. Ṣùgbọ́n ẹni tó yè ló wà láyé láti sọ pé kò sí ohun tó ṣe òun.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ. Ìyá á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, á da ẹ̀kọ tàbí àgbo síbẹ̀, àwọn mìíràn á tún fún ọmọ nímú kó lè tètè gbé e mì. Ọmọ á máa ké, á máa jà. Bó sì ṣe ń mí sínú kó lè ké ni omi ń bá èémí wọlé. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ọmọdé wa ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀, torí wọ́n ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá pẹ̀lú òtútù àyà lẹ́yìn rírọ. Ìrọ̀rí ìgbàlódé yìí àti rírọ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: àwọn méjèèjì ń da oúnjẹ sẹ́nu ọmọ láìdúró gbọ́ tirẹ̀. (Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò sì nílò àgbo tàbí omi. Ọmú nìkan tó o, bí WHO àti UNICEF ṣe là á sílẹ̀.)

Síbẹ̀ nǹkan kan wà tí àwọn ìyá wa ṣe tó dára, tí a kò gbọ́dọ̀ sọ nù. Wọn kì í tẹ́ ìkókó kalẹ̀ kí wọ́n ní kí oúnjẹ dá wọ ẹnu rẹ̀. Orí itan ni, àbí láyà, ojú ìyá sì máa ń wà lójú ọmọ. Ìkókó kò ríran jìnnà, ohun tó wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ló rí dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú ìyá máa ń wà bó bá gbé e láti bọ́ ọ.

Ìbejì ni mo bí. Ọwọ́ mi méjì péré ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí ló ń dùn mí jù, torí àwa Yorùbá wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù láyé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará Igbó-Ọrà. Ìyá ìbejì ni àwọn ọlọ́jà yìí sì ń fojú sùn, wọ́n mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọn kì í sọ fún un ni pé àwọn ìbejì sábà máa ń dé kí oṣù wọn tó pé, wọ́n máa ń kéré, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kí a fara balẹ̀ bọ́ jù.

Bó bá jẹ́ ọmú, ẹ lè fún àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ apá kan, kí ẹsẹ̀ wọn wà lẹ́yìn yín, kí orí wọn wà níwájú lẹ́nu ọmú, kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ apá yín láti gbé ìwúwo wọn. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín gbé wọn sípò. Ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n.

Bó bá jẹ́ ìgò, ẹ jókòó sórí ẹní tàbí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fi ọmọ kọ̀ọ̀kan ti itan kan kí orí àti àyà wọn ga, ẹ wá fi ọwọ́ kan di ìgò Táyé mú, kí ọwọ́ kejì di ti Kẹ́hìndé. Bí ọ̀kan bá dánu dúró, ẹ rẹ ìgò tirẹ̀ nìkan sílẹ̀. Bí èyí bá ṣòro, ẹ bọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń dúró á sunkún, mo mọ̀ pé igbe rẹ̀ máa ń gún ìyá lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹkún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò pa ọmọ.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ wá ènìyàn. Nígbà ìkómọ, bí àwọn ẹbí bá béèrè ohun tí ẹ fẹ́, ẹ má sọ pé aṣọ. Ẹ ní kí ẹnì kan máa wá ní ìrọ̀lẹ́ fún wákàtí méjì. Ẹ sọ ọ́ láìtijú.

Lóru ńkọ́? Oorun máa ń kùn mí débi tí ìgò fi ń bọ́ lọ́wọ́ mi.

Òru ló wá léwu jù láti ti ìgò lẹ́nu ọmọ, torí kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ là. Bí ẹ bá ń fún un lọ́mú, ọmú kò nílò omi gbígbóná tàbí ìgò fífọ̀. Bó bá jẹ́ ìgò, ẹ pín òru náà pẹ̀lú bàbá ọmọ: kí ọ̀kan gba ti ààbọ̀ òru, kí èkejì gba ti ìdájí. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ ọkùnrin ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, láti ọdún 2022. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ 10 láti ọdún 2014. Wọn kò fún un torí kó lè máa wo bọ́ọ̀lù. Ẹ má sì bọ́ ọmọ lórí àga onítìmùtìmù bí oorun bá ń gbé yín lọ, torí ọmọ lè há sí àárín ìtìmùtìmù.

Mo wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá, ọmọ ń ké lẹ́yìn ọkọ̀. Ṣé mi ò lè ti ìgò sí i lẹ́nu?

Rárá. Ẹ kò rí i, ẹ kò lè nawọ́ kàn án, ọkọ̀ sì lè já bíréèkì nígbàkigbà. Ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó kúrò nílé. Bó bá di dandan lójú ọ̀nà, ẹ wá ibi tí kò léwu dúró sí, ẹ gbé e jáde kúrò nínú àga rẹ̀, ẹ bọ́ ọ lọ́wọ́.

Ọmọ mi ti ń di ìgò mú fúnra rẹ̀. Ṣé ìyẹn náà burú?

Ìyẹn yàtọ̀. Ọmọ tó ti lè jókòó, tó di ìgò mú, tó sì lè yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tó bá wù ú, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgò tó ní ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kò burú fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kó jókòó ṣá, kí ẹ wà níbẹ̀, kó má sì gbé ìgò wọ bẹ́ẹ̀dì. Láti oṣù 6 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ife kọ́ ọ. Bó bá ti pé ọdún kan, ẹ máa gba ìgò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní ó máa ń ba etí àti eyín jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ọ̀nà kékeré kan so ẹ̀yìn imú mọ́ inú etí. Ti ìkókó kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, nítorí náà bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja mu ìgò, wàrà lè gba ibẹ̀ lọ sétí. Ọmọ tí etí ń ro tàbí tí etí rẹ̀ ń da ọyún léraléra, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ìyá rẹ̀ ni bó ṣe ń fún un ní ìgò. Ní ti eyín, wàrà tó bá wà lẹ́nu ọmọ tó ti sùn á máa fi ṣúgà rẹ̀ bọ́ kòkòrò tó ń jẹ eyín. Eyín òkè níwájú ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ìgò onítúùbù kò wá sí láyà ọmọ. Ṣé ó sàn díẹ̀?

Kò sàn. Ọmọ ṣì ń dá mu, bẹ́ẹ̀ ni inú túùbù gígùn kò ṣeé fọ̀ mọ́. Wàrà á lẹ̀ mọ́ ọn nínú, á kan, kòkòrò àìsàn á sì máa pọ̀ níbẹ̀.

Báwo ló wá ṣe yẹ kí n fún un ní ìgò?

Ẹ gbé e sí apá, kí orí rẹ̀ ga ju ikùn rẹ̀ lọ, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó. Ẹ fi orí rọ́bà kan ètè rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ la ẹnu gbà á. Ẹ má da ìgò dé pátápátá, ẹ jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, kí wàrà ṣáà kún orí rọ́bà. Bó bá ti fà á fún ìgbà díẹ̀, ẹ rẹ ìdí ìgò sílẹ̀ kó lè sinmi. Bó bá mu ún dé ìdajì, ẹ pààrọ̀ apá. Bó bá yí ojú kúrò tàbí tó pa ẹnu dé, ó ti yó. Ẹ má fi tipá parí rẹ̀ torí pé mílíìkì wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lé èjìká kó gùnfẹ̀.

Mílíìkì oníyẹ̀fun kì í ṣe ohun tí kòkòrò kò lè wà nínú rẹ̀. WHO ní kí omi tí a fi pò ó gbóná tó 70°C ó kéré tán, kí a wá jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó kan ọmọ. Èyí tí ọmọ bá ti fi ẹnu kàn, kí ó má ju wákàtí kan lọ kí ẹ tó dà á nù. Ìwọ̀nyí náà wà lára ohun tó burú nínú ìgò tí a tì kalẹ̀: ó máa ń wà lẹ́nu ọmọ pẹ́ nínú ooru wa yìí.

Mo ní ẹ̀rọ tó ń fún ọmú, tí mo ń kì sínú kọ́mú kí ọwọ́ mi lè ṣe nǹkan mìíràn. Ṣé òun náà léwu?

Ẹ fọkàn balẹ̀, ara yín ni ìyẹn wà, kò sí lẹ́nu ọmọ. Ẹ fọ gbogbo ara rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn lílò kọ̀ọ̀kan. Omi ọmú tí ẹ fún lè wà níta fún wákàtí 4 bí yàrá kò bá gbóná ju 25°C lọ, ó sì lè wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ 4. Yàrá wa níbí sábà máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ tètè gbé e wọ fíríìjì tàbí kúlà oníyìnyín.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní kíréèṣì?

Ẹ bi wọ́n ní tààrà: ta ló ń gbé ọmọ mi nígbà tó bá ń mu ìgò? Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan? Ẹ yà síbẹ̀ lójijì ní àkókò oúnjẹ. Bí ẹ bá bá àwọn ọmọ tí wọ́n tẹ́ kalẹ̀ ní ìlà, tí wọ́n fi aṣọ ti ìgò sí wọn lẹ́nu, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ìyá àgbà ló ń tọ́jú rẹ̀, ẹ fi bí ẹ ṣe ń ṣe é hàn wọ́n, kí wọ́n sì ṣe é lójú yín.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà tún fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àkókò iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá kì í sọ ọ́. Ẹ béèrè fún un.

Bí wàrà bá gba òdì, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Bí ọmọ bá ń wúkọ́, tí ó ń ké, ẹ jẹ́ kó wúkọ́, atẹ́gùn ń wọlé nìyẹn. Ẹ gbé e nàró díẹ̀, ẹ má lù ú.

Bí kò bá lè ké, tí kò lè mí, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ yára. Ẹ dojú rẹ̀ dé lórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ, kí ọwọ́ yín gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá tíì mí, ẹ dojú rẹ̀ sókè, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ tún un ṣe títí yóò fi mí tàbí tí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Kí ẹlòmíràn máa pe 112 ní Nàìjíríà, 999 ní Bìrìtéènì, 911 ní Amẹ́ríkà. Bí kò bá dáhùn mọ́, ẹni tó bá gba ìpè á sọ bí ẹ ṣe máa tẹ àyà rẹ̀ fún yín.

Kódà bó bá padà sípò, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ara rẹ̀ bá wá gbóná lẹ́yìn náà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ẹ tún gbé e padà lọ sílé ìwòsàn, kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì.

Wọ́n fi ìrọ̀rí yìí ta mí lọ́rẹ níbi ìkómọ. Ṣé kí n fún ẹlòmíràn tí mi ò bá fẹ́ lò ó?

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì tà á. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé okùn rẹ̀ tàbí ibi tí ìgò ń gbà wọlé, kí ẹni tó bá rí i nínú ìdọ̀tí má lè lò ó. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún yín, ẹ sọ ìdí tí ẹ kò fi lò ó fún un, kó má baà ra òmíràn fún ìyá ọmọ tuntun tó kàn.